Ẹlẹ́rìí Mẹ́rin fún Ìtají

"Ẹ bi í ní tiyín kí n lè bi í ní tèmi," ni Ìyá Dúró wí, ó sì fẹ̀yìn ti àga. "Ebi ti ń pa mí. Iṣẹ́ ààbọ̀ wákàtí kò yẹ kó gba gbogbo àárọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn."

Olúgbódi Láníyọnu gbé àtàńpàkò lé awo dúdú tó wà níwájú rẹ̀, awo náà sì mọ́lẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń jókòó sí yàrá yìí nínú ikùn òkè, níbi tí òkúta ti ń mú kí ara àwọn ẹ̀rọ tutù, ọ̀nà kan náà sì ni wọ́n ń gbà bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́. Olùbéèrè a kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń fẹ́ kó jẹ́ òtítọ́. Atakò a sì béèrè ohun tó lè bà á jẹ́. Òun ni olùbéèrè, Ìyá Dúró ni atakò. Yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, kò sí ohun mìíràn nínú yàrá náà àfi ohùn Aṣàwárí, ẹ̀rọ tó ti ka gbogbo ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé kọ ní èdè gbogbo, tí ìjọba kó jọ sínú Àká.

"Ìtají," ni Olúgbódi wí. "Oògùn àrùn tipiri. Àtúntẹ̀ òǹtẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ǹjẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé jẹ́rìí pé ó ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ti kú sọjí?"

"Wọ́n jẹ́rìí," ni Aṣàwárí dáhùn. Ohùn àgbàlagbà obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn ẹni tó kàwé tó sì fara balẹ̀. "Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ni mo rí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde níbi tirẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fohùn ṣọ̀kan tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí irú rẹ̀ rí nínú gbogbo Àká. Nítorí náà ni ìwọ̀n ìgbẹ́kẹ̀lé wọn ṣe ga."

"Ó kàn mí," ni Ìyá Dúró wí, ó sì sún mọ́ awo tirẹ̀. "Láti ọjọ́ tí òǹtẹ̀ àkọ́kọ́ ti bà lé oògùn yìí, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti dán an wò kó sì rí i pé kò ṣiṣẹ́?"

"Kò sí. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ní ẹlẹ́rìí mẹ́rin ti parí. Òfin kò fàyè gba ìdánwò lórí ọ̀rọ̀ tó ti parí."

"Ẹ gbọ́ o, Bàbá Ìrètí. Wọ́n di àgbò lẹ́nu tán, wọ́n ní kò ké." Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, nítorí ó ti ń sọ ọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sì dí i lọ́wọ́ rí láti tẹ òǹtẹ̀. Ó gbé àtàńpàkò lé awo. "Tèmi ti tán. Mò ń lọ jẹ mọ́ínmọ́ín. Ṣé kí n ra tiyín bọ̀?"

"Rárá, ẹ ṣeun."

"Ẹ kì í jẹun, ẹ kì í rẹ́rìn-ín. Ìyàwó yín ni tipiri ń ṣe, ẹ̀yin lẹ wá dà bí ẹni tí ara rẹ̀ kú."

Olúgbódi fi orí dá a lóhùn. Kò bínú. Ó pẹ́ tí ohunkóhun ti bí i nínú gbẹ̀yìn, ó sì pẹ́ tí ohunkóhun ti dùn mọ́ ọn. Àárín méjèèjì ló ń gbé, bí ẹni tó ń gbé ilé tí kò ní fèrèsé.

Òfin ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbọ́dọ̀ wà láàárín òǹtẹ̀ atakò àti ti olùbéèrè, kí ọwọ́ méjì má baà sáré bo ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀. Àwọn olùbéèrè mìíràn a máa fi àkókò yẹn tòògbé. Olúgbódi a máa wo ògiri.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló kù," ni Aṣàwárí wí. "Ṣé kí n ka ibì kan nínú àwọn ẹ̀rí náà fún yín?"

"Ka èyí tó bá wù ọ́."

"Kò sí èyí tó ń wù mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ Ẹlẹ́rìí Kẹrin wà níbí, ẹnikẹ́ni kò sì tíì sọ pé kí n kà á rí."

"Kà á."

Kò retí orúkọ kankan. Òfin bo orúkọ gbogbo ẹlẹ́rìí mọ́lẹ̀, àwọn tó ṣe òfin náà sì mọ ilẹ̀ wọn dáadáa. Ta ni ọmọ tí yóò jókòó níwájú ènìyàn, tí yóò wí pé bàbá lágbájá kò wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìdí? Wọ́n ní kí a kúkú bo orúkọ, kí a lè gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò láìfi ti àgbà ṣe. Nítorí náà Ẹlẹ́rìí Kìíní, Ẹlẹ́rìí Kejì ni Aṣàwárí ń pè wọ́n, bí ẹni ń ka iṣu.

"'Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn apẹja méjìlélógójì tó na ọwọ́ wọn sí mi,'" ni Aṣàwárí kà. "'Mo dúpẹ́ jùlọ lọ́wọ́ ìyá mi, Ìyá Alétù ti agbo ilé Tẹ́lùwọ, tí a fi ìwé yìí ṣe ìrántí rẹ̀. Nígbà tí mo sunkún pé n kò ní ohun èlò tí n óò fi wọn ìmọ̀lára ọwọ́ àwọn ènìyàn, òun ló fa ìyẹ́ kan yọ lápá ẹtù funfun rẹ̀, tó ní kí n fi máa ra ìka wọn, pé ẹni tó bá mọ ìka tí ìyẹ́ bà, ara rẹ̀ ti ń jí.'"

Olúgbódi gbójú kúrò lára ògiri.

Ìyá Alétù ni ìyá ìyá rẹ̀. Ẹtù funfun yẹn kan ṣoṣo ni mọ̀lẹ́bí náà ní, òun sì ti gbọ́ ìtàn ìyẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ tó ìgbà ọgbọ̀n, pàápàá nígbà tí àlejò bá wà nílé. Ìyá rẹ̀ náà ti kú lọ́dún méjì ṣáájú kí wọ́n tó ṣe òfin ẹlẹ́rìí mẹ́rin.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò ṣòro. Ìbátan ẹlẹ́rìí kì í jókòó lórí ẹ̀rí. Kó dìde, kó wí pé, "Ẹbí mi ni," wọn a sì fi olùbéèrè mìíràn rọ́pò rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ó tilẹ̀ ti ti àga sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò bá a lára mu. Kí ìyá rẹ̀ tó lọ́kọ ló ti ṣe iṣẹ́ náà, fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ìwé ìrántí Ìyá Alétù sì jáde nígbà tí òun Olúgbódi ti ń lọ sí ilé ìwé. Ó fa àga padà.

"Kí ni Ẹlẹ́rìí Kìíní fi wọn ìmọ̀lára àwọn aláìsàn?"

"Ìyẹ́ ẹtù."

"Ẹlẹ́rìí Kejì ńkọ́?"

"Ìyẹ́ ẹtù."

"Ẹlẹ́rìí Kẹta?"

"Ó kọ ọ́ pé 'ìyẹ́ funfun kan láti ilé ìyá mi.'"

"Ènìyàn mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yẹ̀ wò?"

"Méjìlélógójì," ni Aṣàwárí wí. "Lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Mo ti sọ fún yín pé ìṣọ̀kan wọn kò ní ẹlẹgbẹ́."

Òtútù inú òkè ń bọ́ láti àjà. Olúgbódi wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì.

"Bí mo bá pe orúkọ kan, ṣé o lè sọ bóyá òun ni ẹlẹ́rìí?"

"Olùbéèrè lẹ jẹ́. Mo lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Kò fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ìyá rẹ̀ rí láyé. Màámi ni ó ń pè é títí ó fi kú, Màámi ló sì ń pè é lẹ́yìn ikú. Nígbà ìsìnkú pàápàá, ẹlòmíràn ló ka orúkọ, òun kàn dúró létí ibojì ni.

"Fẹ̀hìntọlá Ṣóbándé." Orúkọ tó jẹ́ nílé bàbá rẹ̀ nìyẹn, tó sì lò ní yunifásítì.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹlẹ́rìí Kìíní."

"Àṣàkẹ́ Láníyọnu." Àwọn ará ilé ọkọ ní ìyàwó àwọn kò ní máa gbé orúkọ bàbá rẹ̀ kiri ojú ìwé, oríkì rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹlẹ́rìí Kejì."

"Dọ́káàsì Ọlátẹ́jú." Ìwé ìwádìí ilé ìwòsàn ìjọ kì í tẹ iṣẹ́ ẹni tí kò lo orúkọ ìrìbọmi. Ọlátẹ́jú ni bàbá bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹlẹ́rìí Kẹta."

"Yéwándé Tẹ́lùwọ," ni ó wí, orúkọ tí ìdílé ìyá rẹ̀ nìkan ń pè é, tí wọn kì bá sì gbà kó fi òmíràn kọ̀wé nínú ìwé ìrántí ìyá wọn.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹlẹ́rìí Kẹrin. Ẹ mọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí ṣọ̀wọ́n. Ṣé ẹ fẹ́ fi ohunkóhun kún àkọsílẹ̀?"

Màámi kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ní ayé tirẹ̀, ẹni tó bá ka èkíní tó sì ka èkejì a rẹ́rìn-ín, a wí pé, "Ìyàwó Láníyọnu tún ti dé pẹ̀lú ìyẹ́ rẹ̀." Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kú tán, orúkọ ló kù, orúkọ sì di ènìyàn. Obìnrin kan, ìyẹ́ kan, apẹja méjìlélógójì. Lórí èyí ni ìjọba ti ń pín oògùn fún odindi ìlú láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, tí òfin sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wádìí mọ́.

"N kò tíì fẹ́ fi ohunkóhun kún un," ni ó dáhùn.

"Òǹtẹ̀ yín yóò dúró dè yín di aago mẹ́rin. Bí ẹ kò bá wí nǹkan kan nígbà náà, ti ọdún méje tó kọjá ni n óò tún tẹ̀."

Ìyá Dúró wọlé, ó ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu ìka. "Ẹ kò tíì tẹ̀ ẹ́? Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, bí wọ́n bá ní kí ẹ tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé pé òjò tutù, ẹ óò ní kí wọ́n kọ́kọ́ rọ̀ ọ́ sí yín lára."

"Ìyá Dúró, oògùn ojú tó pàdánù ẹlẹ́rìí kan nígbà yẹn, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún àwọn aláìsàn kí wọ́n tó dá a dúró?"

"Ọjọ́ báwo? Ṣé ẹ kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn àwọn ilé oògùn so mọ́ Àká ni? Bó ṣe di mẹ́ta báyìí, ilẹ̀kùn tì. Àbúrò ọkọ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní wọ́n ń bu oògùn sí ìgò obìnrin kan lọ́wọ́, ìdajì bọ́ sínú ìgò, ìdajì há sínú ẹ̀rọ." Ó wò ó. "Kí ló dé?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Ẹ̀yin kì í kàn béèrè. Iṣẹ́ tí ẹ ń jẹ lórí ni."

"Ènìyàn mélòó ló ń mu Ìtají?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀," ni Ìyá Dúró wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Àti ìyàwó yín."

Olúgbódi mú fìlà Àká rẹ̀ lórí tábìlì, ó ní òun ń lọ sílé, òun óò dé kí aago mẹ́rin tó lù.

Ọkọ̀ orí okùn gbé e sọ̀kalẹ̀ láti ẹnu òkè dé Ìlú Ìṣípòpadà, níbi tí wọ́n kó àwọn ará etíkun sí nígbà tí òkun gba ilẹ̀ wọn. Omi iyọ̀ tí wọ́n mu fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó ṣí ló fa tipiri, bí àwọn dókítà ṣe ń wí. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ìka, a sì máa gun òkè. Ní ìlú yìí, abọ́ onígi ni wọ́n ń lò, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kú kì í mọ̀ bí dígí bá fẹ́ bọ́. Gbogbo ilẹ̀kùn ló ní ìwọ̀ tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ fà. Àjèjì ló máa ń ya lẹ́nu.

Ìyàwó rẹ̀ wà lórí àpótí nídìí fèrèsé, ó ń ti ìgbọ̀nwọ́ bọ omi kó lè mọ̀ bóyá ó gbóná jù. Mónìlọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Onídìrí ni, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà; àwọn ìyàwó ìjòyè máa ń wá láti ìlú mẹ́ta kí ó lè di ṣùkú fún wọn.

"Ẹ dé lọ́sàn-án," ni ó wí. "Wọ́n lé yín ni?"

"Rárá, Ìyá Ìrètí. Ọ̀rọ̀ kan ló wà."

Ó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ohùn tí ó fi ń bá Aṣàwárí sọ̀rọ̀. Obìnrin náà kò dá a dúró. Nígbà tó parí, ó yọ ìgbọ̀nwọ́ kúrò nínú omi.

"Màámi," ni ó wí. "Màámi tiyín yìí náà? Tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹtù dá gbogbo ènìyàn lágara?"

"Àwọn náà ni."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

"Ó jọ pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn apẹja wọ̀nyẹn. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò mọ̀."

"Èwo wá ni àǹfààní kí n mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀?"

Olúgbódi fa ìyẹ́ adìẹ kan yọ láti inú ìrọ̀rí, ó sì jókòó tì í. Ó ní kó di ojú. Mónìlọ́lá wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ ṣeré, ó sì di ojú, ó na ọwọ́ méjèèjì. Olúgbódi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹ́ ra àwọn ìka náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìka wo?"

"Àtàńpàkò."

Ọmọńdinrín ni. "Èyí ńkọ́?"

"Ti àárín. Ọwọ́ òsì."

Ọwọ́ ọ̀tún ni. Wọ́n ṣe é tán, ó la ojú.

"Mélòó ni mo gbà?"

"Méjì nínú mẹ́wàá."

"Ó lè jẹ́ pé òfo ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn," ni obìnrin náà wí. "Kí Ìtají sì ti gbé mi dé méjì."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé márùn-ún lo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n. Òfin ní kò sí ohun tí a ń wọ̀n."

"Bí ẹ bá sọ ọ́, wọn óò gbà á lọ́wọ́ mi lónìí?"

"Lónìí ni."

"Bí ẹ kò bá sọ ọ́?"

"Wàá máa mu ún fún ọdún méje sí i. Nígbà tí ọdún méje bá pé, ẹlòmíràn ni yóò jókòó sórí àga mi, kò sì ní mọ Ìyá Alétù."

Mónìlọ́lá wo òde. Aṣọ tí aládùúgbò kan sá ti ń gbẹ lórí okùn, wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so wọ́n nítorí ó ṣòro fún wọn láti fi ìka tẹ ohun tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn. "Láràárọ̀, bí mo bá ti mu ún," ni ó wí, "mo máa ń jókòó títí, mo máa ń retí. Ẹ̀yin ti ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà yẹn, ẹ kò mọ̀. Ìrètí yẹn ni mo fi ń ti ọjọ́ lọ. Bàbá Ìrètí, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ tẹ òǹtẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí Màámi jẹ́ mẹ́rin. Wọ́n tó mẹ́rin láyé wọn, ṣé ẹ gbàgbé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Olúgbódi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ó fi ẹ̀rín sí.

"Mo ti gbọ́," ni ó wí, ó sì wọ bàtà.

Nínú ọkọ̀ orí okùn, ó gbìyànjú láti mọ ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀. Ó ro ti ìyàwó rẹ̀ nídìí fèrèsé, ó ro ti ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án tó ń gbé ìgò lọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ó ro ti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ níwájú apẹja. Kò sí èyí tó dùn ún nínú wọn. Ó dà bí ẹni tí ẹlòmíràn ń fi nǹkan ra ìka rẹ̀, tí kò mọ èwo ni wọ́n fọwọ́ kàn. Ohun kan ṣoṣo ló dá a lójú, kì í sì í ṣe nípa ìmọ̀lára: Màámi kò sọ rí pé òun ju ẹnì kan lọ. Wọ́n ti fi ẹ̀rí tí kò jẹ́ sí i lẹ́nu, òkú kò sì lè yọ ọ́.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tó dé. Ìyá Dúró ṣì wà níbẹ̀.

"Aṣàwárí," ni ó wí láìjókòó, "mo ní ohun tí n óò fi kún àkọsílẹ̀. Èmi Olúgbódi Láníyọnu, mo búra pé ọmọ Ẹlẹ́rìí Kìíní ni mí. Ọmọ Ẹlẹ́rìí Kejì ni mí, ọmọ Ẹlẹ́rìí Kẹta, ọmọ Ẹlẹ́rìí Kẹrin. Ìyá kan ṣoṣo ló bí mi. Iṣẹ́ kan ni ó ṣe, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin."

Ìyá Dúró dìde díẹ̀díẹ̀.

"Mo gbọ́," ni Aṣàwárí wí. "Mo ti fi àwọn ọ̀rọ̀ náà wé ara wọn lábẹ́ ìbúra yín. Ó bá a mu. Kí n tó sọ wọ́n di ọ̀kan, orúkọ kan ṣoṣo ló lè dúró nínú Àká. Mẹ́ta yòókù yóò parẹ́ lára iṣẹ́ náà. Èwo ni kó dúró?"

Kò rò pé wọn óò bi òun ní èyí. Ẹni tó sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìdí. Bàbá, bàbá bàbá, ọkọ, ìyá. Èyí tí òun alára ń pè é kò sí nínú wọn.

"Fẹ̀hìntọlá Ṣóbándé," ni ó wí. "Òun ló di ìyẹ́ mú."

"Ó ti dúró. Ìtají: ẹlẹ́rìí ọ̀kan. Ilé oògùn mẹ́tàdínlógún ti ti ilẹ̀kùn. Ṣé ìbéèrè mìíràn wà?"

Ìyá Dúró tún jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí itan.

"Bóyá ẹ ti pa ènìyàn, Bàbá Ìrètí," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "bóyá ẹ ti gba ènìyàn là. Èmi kò mọ èyí tí ẹ ṣe."

"Èmi náà kò mọ̀."

"Àárọ̀ yìí ni mo tẹ òǹtẹ̀ temi sí i. Mo sì fi ṣe yẹ̀yẹ́." Ó fa àga sún mọ́ awo, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tí kò dá a lójú pé wọn óò dá òun lóhùn. "Aṣàwárí, ọ̀rọ̀ Ìtají, ṣé ó ṣì parí síbẹ̀?"

"Rárá. Ó ti ṣí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè dán an wò láti òní lọ."

"Kí ni a nílò?"

"Àwọn aláìsàn tó bá gbà. Àkókò, ó kéré tán ọdún méjì. Ẹni tí yóò kọ ìbéèrè náà sílẹ̀."

"Èmi ni n óò kọ ọ́," ni Ìyá Dúró wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, kò sì wo Olúgbódi mọ́.

Fóònù Olúgbódi dún ní àpò rẹ̀ nígbà tó dé ẹnu òkè. Ohùn Mónìlọ́lá ni, iṣẹ́ tó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́; kò lè fi ìka kọ̀wé mọ́. "Bàbá Ìrètí, mo dé ilé oògùn, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Oúnjẹ yín wà nínú abọ́. Mo ti kó aṣọ mi lọ sí yàrá Ìrètí, ibẹ̀ ni n óò máa sùn." Ohùn náà parí síbẹ̀. Olúgbódi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi fóònù sí àpò.

Ọkọ̀ orí okùn kún fún àwọn tó ń bọ̀ láti ilé oògùn. Ìgò wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, òfìfo, wọ́n sì fi ìgbọ̀nwọ́ há wọn mọ́ ìhà. Wọn kò pariwo. Ẹnì kan ń wí pé bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́, pé wọn óò tún un ṣe kó tó di ọ̀la; ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wí nípa ti ojú. Wọ́n rí fìlà Àká lórí Olúgbódi, wọ́n sì yà fún un kó lè ráyè dúró, nítorí àgbà ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ní ọlá.

Ìyá arúgbó kan dúró tì í. Bọ́tìnnì ìdúró kéékèèké wà lára ògiri ọkọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ìka rẹ̀ yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò sì mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi," ni ó wí. "Ẹ bá mi tẹ ìdúró kẹta. Ọwọ́ mi kò mọ ibi tó wà."

Olúgbódi na ọwọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́. Iná kékeré kan tàn.

"Ẹ ṣeun o," ni ìyá náà wí. "Ọwọ́ tiyín kò ní kú láéláé."

"Àmín, Màámi," ni ó dáhùn.